Ẹ̀yin tí ọmọ yín fẹ́ lọ dánwò orin fún sikọ́láṣíìpù yunifásítì

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará akọrin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ jáde láti Ọ̀fà láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò gan-an. Àbúrò mi ṣe é lásìkò ọyẹ́. Fèrèsé bọ́ọ̀sì ṣí sílẹ̀ títí dé Ìlọrin, ètè rẹ̀ ti là kó tó gbé trọ́ńpẹ́ẹ̀tì sẹ́nu. Ẹ̀rọ amúlétutù tún ti mú yàrá náà tutù, ohùn trọ́ńpẹ́ẹ̀tì náà wá rẹlẹ̀ sí ti dùùrù. Ká ní ó ti rọra ń mí èémí gbígbóná sínú rẹ̀ níta ni, ì bá sàn.

Orin tó ti mọ́ ọmọ lẹ́nu pátápátá ni kó mú lọ, kì í ṣe èyí tó le jù. Bó bá ṣì í, kó máa lọ, kó má padà sẹ́yìn.

Ìwé orin tí ọmọ kò rí rí, tí wọ́n á ní kó kà lójú ẹsẹ̀, ló ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ jù. Sọ́fà (do-re-mi) nìkan la fi kọ́ ọ̀pọ̀ wọn, àmọ́ yunifásítì á fẹ́ kí wọ́n mọ orin tí a kọ sórí ìlà márùn-ún kà. Ẹ jẹ́ kó máa ka orin tuntun kan lójoojúmọ́ láti ìsinsìnyí. Kó sì mú ẹ̀dà orin rẹ̀ kan dání fún ẹni tó máa tẹ dùùrù.