Ọjọ́ ìbí tó ń sún sẹ́yìn: bí iṣẹ́ ọjọ́ kan ṣe gbà mí ní ọjọ́ mọ́kànlá

Ọjọ́ kan péré ni mo sọ fún ọ̀gá mi pé iṣẹ́ yìí máa gbà. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ sínú ticket náà, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí à ń ṣí fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, "ọjọ́ 1", ọjọ́ mọ́kànlá ni mo wá fi ṣe é, bí mo sì ṣe ń kọ èyí inú ṣì ń bí mi. Kì í ṣe pé kóòdù náà le o, gbogbo àtúnṣe rẹ̀ nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín ò ju ìlà mẹ́ta lọ. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọjọ́ mẹ́jọ nínú mọ́kànlá yẹn, ohun tí oníbàárà ti sọ fún wa láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo fi ń wá kiri, a ò kàn gbà á gbọ́ ni.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ètò tí à ń kọ ní fọ́ọ̀mù kan tí èèyàn máa ń kọ orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ sí. Obìnrin kan láti Íńdíà kọ̀wé sí wa pé ọjọ́ ìbí òun ń yí padà fúnra rẹ̀. Ó ní 12 oṣù karùn-ún 1990 lòun kọ, ìgbà tóun padà wá yí nọ́ńbà fóònù òun, 11 lòun bá níbẹ̀, òun ò fọwọ́ kan ọjọ́ ìbí rárá, nọ́ńbà nìkan lòun yí tóun tẹ Save, ìgbà tóun tún máa padà wá ó ti di 10. Ó fi àwòrán mẹ́ta ránṣẹ́. Àkọ́kọ́ ló yà kó tó tẹ Save rárá, 12 ló wà níbẹ̀. Ìkejì, 11. Ìkẹta, 10. Ó fi ìlà pupa yí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ká kó má baà sí pé a ò rí i.

Ẹni tó kọ́kọ́ gba ticket náà tì í, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé "kò ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ mi". Obìnrin náà ṣí i padà. Èmi ni mo tì í lẹ́ẹ̀kejì. Mo ṣí fọ́ọ̀mù, mo kọ 12, mo tẹ Save, mo tún ṣí i, 12 ni. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹfà, 12 ni, mo bá kọ̀wé sí i pé kó lọ pa cache browser rẹ̀, ìyẹn ohun tí browser tọ́jú pa mọ́, rẹ́. Ó tún ṣí i padà, èsì rẹ̀ ò ní èébú nínú, ó kàn ní: "Mo ti pa á rẹ́. 9 ló dà báyìí." Ìgbà yẹn ni ọ̀gá ní kí n dojú kọ ọ́ kí n má fi sílẹ̀ títí á fi parí.

Mi ò ní máa ròyìn bí mo ṣe ṣí branch tàbí bí mo ṣe gbé ètò náà dìde lórí kọ̀ǹpútà mi, ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ ìyẹn. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, mo wo dátábéèsì, PostgreSQL là ń lò, `date` ni irú column tí ọjọ́ ìbí wà, kò ní aago kankan nínú, ó mọ́ tónítóní. Mo wá wo log, àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí server, ìyẹn ẹ̀rọ wa tó ń gba ohun tí browser bá fi ránṣẹ́, mo rí i pé ohun tí browser fi ránṣẹ́ gan-an ti jẹ́ 11 kó tó dé ọ̀dọ̀ wa rárá. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ yẹn. Ó túmọ̀ sí pé server ò jẹ̀bi, inú browser ni wàhálà wà. Mo sọ ọ́ ní ìpàdé àárọ̀ ọjọ́ kejì pé ó kù díẹ̀.

Kò kù díẹ̀ o.

Ọjọ́ kẹta ni mo pe ẹ̀gbọ́n kan tó ń bá wa ṣe test láti London, mo ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi kọ ọjọ́ ìbí yín sí fọ́ọ̀mù yìí kí ẹ sọ ohun tí ẹ bá rí. Oṣù kìíní ọdún 1985 ni wọ́n bí i. Ó tẹ Save, ó ṣí i padà, kò sún. Mo ti fẹ́ sọ pé ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn ò yé mi mọ́, ni ẹ̀gbọ́n bá ní òun pe ẹnì kan tí wọ́n jọ wà nínú ọ́fíìsì kó wá kọ tiẹ̀, ẹni yẹn, 20 oṣù kìíní 1970 ni wọ́n bí i. Ó tẹ Save. Ó di 19.

Ìlú kan náà, kọ̀ǹpútà kan náà, browser kan náà, oṣù kìíní ni wọ́n bí àwọn méjèèjì, ti ọ̀kan sún, ti ìkejì ò sún. Orí mi gbóná. Mo ní kí ẹni yẹn tún un kọ bóyá àṣìtẹ̀ ni, ó tún di 19. Láti ọjọ́ kẹrin dé ọjọ́ keje, ohun tí mo fi ojú mi rí kì í ṣe kékeré: mo ní bóyá cache ni, kì í ṣe cache, mo ní bóyá browser ló ń bá èèyàn kọ fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀, kì í ṣe ìyẹn, mo yọ kàlẹ́ńdà inú fọ́ọ̀mù kúrò mo fi òmíràn sí i, ó ṣì ń ṣe é lọ́dọ̀ wọn, kò ṣe é lọ́dọ̀ mi, mo tún ìdajì fọ́ọ̀mù náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì kó gbogbo rẹ̀ dànù lọ́jọ́ kejì torí kò yí nǹkan kan padà. Lójoojúmọ́, ní ìpàdé àárọ̀, wọ́n á bi mí pé kí ló kù. Ìbéèrè yẹn máa ń dá mi lágara, torí ẹni tí kò tíì mọ ohun tó ń wá, báwo ló ṣe fẹ́ mọ ohun tó kù? Àwa tí à ń kọ ètò mọ̀ pé àtúnṣe kọ́ ló ń jẹ ọjọ́ mọ́ni lọ́wọ́, wíwá ni, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n ní kéèyàn kọ wíwá sí nínú ticket.

Ọjọ́ kẹjọ, mo tún pe ẹ̀gbọ́n lórí fóònù, a jọ ń wo fọ́ọ̀mù náà. Bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ ó ní òun ò ní pẹ́, aago mẹ́ta ti kọjá, òun ní ìpàdé. Mo gbójú sókè wo igun kọ̀ǹpútà mi. 14:07.

Wákàtí kan péré ló wà láàárín wa, ṣùgbọ́n ibi tó ti wá ló jẹ́ kí n dákẹ́. Èmi ni mo yí aago kọ̀ǹpútà mi sí UTC, aago àjùmọ̀lò gbogbo ayé tí kì í sún, láti bí ọdún méjì sẹ́yìn, torí UTC ni àwọn server wa ń lò, mo fẹ́ kí aago inú log bá tèmi mu kí n má baà máa ṣírò. Mo ti gbàgbé pé mo ṣe bẹ́ẹ̀. London ní tiwọn, ìgbà ooru ni, wọ́n ti sún aago wọn síwájú, ó wà ní wákàtí kan níwájú UTC.

Mo já fóònù, mo kọ ìlà díẹ̀ tó máa mú 20 oṣù kìíní láti ọdún 1960 dé 1990 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó máa sọ ìyàtọ̀ aago London sí UTC lọ́jọ́ yẹn, mo wá fi `TZ=Europe/London` sí iwájú rẹ̀ kí kọ̀ǹpútà ṣe bí ẹni pé London ló wà. Ohun tó jáde nìyí, láàárín ọ̀pọ̀ òdo (ìṣẹ́jú ni, -60 túmọ̀ sí pé London fi wákàtí kan ṣáájú UTC):

1968 0
1969 -60
1970 -60
1971 -60
1972 0

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Ní ọdún 1968, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sún aago wọn síwájú, wọn ò sì dá a padà nígbà òtútù títí di oṣù kẹwàá 1971. Àwọn kan wà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ aago gbogbo ayé, tz database ni wọ́n ń pè é, ibẹ̀ ni browser ń wò, kò gbàgbé ọdún mẹ́ta yẹn. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ ìbí ẹni 1970 fi sún tí ti 1985 fi dúró. Gbogbo ẹni tí wọ́n bí lásìkò tí aago ìlú rẹ̀ bá ti yàtọ̀ sí UTC ni fọ́ọ̀mù wa ń jí ọjọ́ kan gbé lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbàkígbà tó bá ti tẹ Save.

Bó ṣe ń jí i nìyí. Nínú JavaScript, èdè tí browser ń lò, `Date` ló ń gbé ọjọ́ àti aago pọ̀. Tí ẹ bá kọ `new Date("1990-05-12")`, ọ̀gànjọ́ òru UTC ló máa fi ọjọ́ náà sí. Tí ẹ bá fi wákàtí kún un láìfi Z, àmì UTC, parí rẹ̀, bíi `"1990-05-12T00:00:00"`, aago ibi tí èèyàn wà ló máa lò. Ìlànà ló fi í bẹ́ẹ̀, èdè kan náà, ìtumọ̀ méjì. Kàlẹ́ńdà inú fọ́ọ̀mù wa á wá gba ọjọ́ yẹn, á dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ọjọ́ ní aago oníbàárà, tí wọ́n bá wá tẹ Save, ìlà kan báyìí ló ń gbé e lọ: `d.toISOString().slice(0, 10)`. UTC ni `toISOString` ń sọ. Aago méjìlá òru ní Íńdíà, aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni ní UTC, ẹ mú àmì mẹ́wàá àkọ́kọ́ nínú ẹ̀, 11 nìyẹn. Ti àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà tún gba ọ̀nà ẹ̀yìn: ìgbà tí fọ́ọ̀mù bá ń ṣí ni tiwọn ń di 11, nítorí ọ̀gànjọ́ òru UTC, ìrọ̀lẹ́ àná ni lọ́dọ̀ wọn. Ìlà-oòrùn ń sún sẹ́yìn, ìwọ̀-oòrùn ń sún sẹ́yìn. Lọ́dọ̀ wa, ibi mẹ́ta ni kò ti lè sún láé, torí UTC ni wọ́n ń lò: server wa, ẹ̀rọ tó ń ṣe test fún wa, àti kọ̀ǹpútà mi. Ibi mẹ́ta yẹn náà là ń wò.

Tí mo bá rántí pé mo sọ fún obìnrin yẹn pé kó lọ pa cache rẹ́, ojú máa ń tì mí.

Àtúnṣe ò gbà ju ìrọ̀lẹ́ kan. Ọjọ́ ìbí kì í ṣe ìṣẹ́jú kan pàtó nínú ayé, ọdún, oṣù àti ọjọ́ ni, kò ní aago. Mo jẹ́ kó máa rìn bí ọ̀rọ̀ lásán, `"1990-05-12"`, láti fọ́ọ̀mù dé dátábéèsì, kò gbọdọ̀ kan `Date` lọ́nà. Ẹnì kan nínú wa ní ṣé a ò kàn lè fi wákàtí méjìlá kún un kó bọ́ sí ọ̀sán kó má baà já bọ́ sí ọjọ́ mìíràn, mo kọ̀ jálẹ̀. Kiribati ní ibi tó wà ní UTC+14, ọ̀sán UTC ti di ọ̀la níbẹ̀. Ilẹ̀ Samoa fo 30 oṣù kejìlá 2011 pátápátá nígbà tí wọ́n yí ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n wà lára ìlà tó pín ọjọ́ láyé padà. Ní Brazil, nígbà tí wọ́n ṣì ń sún aago, ọ̀gànjọ́ òru ni wọ́n ń sún un, tó fi jẹ́ pé ní 4 oṣù kọkànlá 2018 níbi tí wọ́n ti sún un, kò sí aago méjìlá òru lọ́jọ́ yẹn, aago kan ni ọjọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ta ló fẹ́ fi wákàtí méjìlá bo gbogbo ìyẹn mọ́lẹ̀?

Inú ń bí mi sí `Date` yìí fúnra rẹ̀ náà. Ara Java, èdè ètò mìíràn, ni wọ́n ti dà á kọ ní 1995, Java gan-an ní 1997 ti ní kí wọ́n má lo ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ inú rẹ̀ mọ́, àwa ṣì wà lórí ẹ̀, oṣù kìíní ṣì ń jẹ́ 0. Temporal, ohun tuntun tó fẹ́ rọ́pò `Date`, ti ń wọ inú àwọn browser, Firefox ti ní in láti 2025, ó ní `PlainDate` tó jẹ́ ọjọ́ lásán tí kò ní aago. Ohun tí mo nílò gan-an nìyẹn, ṣùgbọ́n mi ò lè dúró de gbogbo browser.

Bí mo ṣe yí aago kọ̀ǹpútà mi sí ti Kolkata ní Íńdíà kí n fi dán an wò, ibòmíràn tún yọjú: láíbúrẹ́rì tó wà láàárín server àti dátábéèsì náà ń sọ `date` di `Date` lẹ́yìn wa. Mo ní kó fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀, ó gbà.

Ọjọ́ méjì tó kù ni mo fi tọ́jú ohun tó ti bàjẹ́. A ní àkọsílẹ̀ gbogbo àyípadà, mo rò pé màá kàn dá ti àkọ́kọ́ padà fún kálukú. Kò ṣeé ṣe, nítorí ẹni tó wà ní ìlà-oòrùn, èyí tó kọ́kọ́ wọlé gan-an ti dín ọjọ́ kan kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ti ará Amẹ́ríkà ló pé, a ò sì mọ ibi tí kálukú wà nígbà tó ń kọ ọ́. Mi ò fẹ́ méfò lórí ọjọ́ ìbí èèyàn. A kọ íméèlì sí gbogbo wọn pé àwa la ba ọjọ́ ìbí yín jẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa yẹ̀ ẹ́ wò.

Tí mo bá tún gba irú ticket yìí, ọjọ́ tí oníbàárà kọ gan-an ni màá ní kí wọ́n kọ. Ká ní mo sọ fún ẹ̀gbọ́n lọ́jọ́ kẹta pé kó tẹ 12 oṣù karùn-ún 1990, dípò ọjọ́ ìbí tirẹ̀, ìgbà ooru nìyẹn ní London, ojú ẹsẹ̀ ló máa sún. Màá sì bi oníbàárà pé aago mélòó ló lù lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tó bá ń lo Chrome, ẹ wá Sensors nínú DevTools, irinṣẹ́ àwọn tó ń kọ ètò, ẹ lè mú browser yín lọ sí ìlú mìíràn láìfọwọ́ kan aago kọ̀ǹpútà, mi ò mọ̀ ọ́n títí mo fi parí iṣẹ́ yìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni test wa ń sáré báyìí, ẹ̀ẹ̀kan ní Asia/Kolkata, ẹ̀ẹ̀kan ní America/New_York.

Obìnrin yẹn ló kọ́kọ́ dáhùn íméèlì wa. Ó fi àwòrán kẹrin ránṣẹ́, ìlà pupa yẹn náà ló fi yí i ká, 12. Àwọn mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni kò tíì dáhùn, mi ò sì tíì ti ticket náà.