Bí Ẹ Ṣe Lè Ran Òbí Tí Àrùn Rọpárọsẹ̀ Kọlù Lọ́wọ́ Láti Tún Dìde

Onífísíò, ìyẹn ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara tó rọ, lè wá lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Gbogbo wákàtí tó kù, ọwọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé ni ara òbí yín wà, ohun tẹ́ ẹ bá sì ń ṣe láàárín àkókò yẹn ló máa pọ̀ jù nínú bí wọ́n ṣe máa yá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tí kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀: ẹ má ṣe fà wọ́n ní apá tó rọ, ẹ má sì fi ọwọ́ há abíyá gbé wọn. Iṣan tó di egungun apá mú sí èjìká ti dẹ̀, ìwúwo apá náà nìkan tó láti fà á kúrò nípò. Bí èjìká bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dun wọ́n, wọn ò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan án mọ́, eré ìdárayá apá á sì dúró. Tí wọ́n bá jókòó, ẹ fi ìrọ̀rí gbé apá náà láti ìgúnpá dé ọwọ́. Ẹ má jẹ́ kó máa ṣe jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga.

Ní ti gbígbé wọn láti bẹ́ẹ̀dì bọ́ sórí àga, ẹ gbé àga sí ìhà tó lágbára, kó dágun díẹ̀, kó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan bẹ́ẹ̀dì. Bó bá jẹ́ àga onítáyà ni, ẹ ti bíréèkì méjèèjì, kí ẹ sì ká ibi ìgbẹ́sẹ̀lé kúrò lọ́nà. Kí wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta ná, torí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì kí òòyì sì gbé wọn. Kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀ dáadáa, kí gìgísẹ̀ wà sẹ́yìn díẹ̀ ju orúnkún lọ.

Ẹ di bẹ́líìtì fífẹ̀ mọ́ wọn níbàdí, òun ni kẹ́ ẹ dì mú. Ẹ dúró níwájú wọn, ẹ fi orúnkún yín méjèèjì há orúnkún tó rọ náà kó má baà yẹ̀. Wọn ò gbọdọ̀ rọ̀ mọ́ yín lọ́rùn. Ẹ wá ní kí wọ́n tẹ ara síwájú títí imú wọn á fi kọjá ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í: wọ́n á máa gbé òbí sókè gbọnrangandan nígbà tí gbogbo ìwúwo ṣì wà lórí ìdí, ẹ̀yìn tiwọn á sì fara gbá a. Bí orí bá lọ síwájú, ìdí á fúyẹ́. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí àwọn fúnra wọn sì sapá. Bí wọ́n bá ti dúró, kí wọ́n mí kanlẹ̀, kí wọ́n yí padà ní ìgbésẹ̀ kéékèèké títí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ á fi kan àga, kí ọwọ́ tó lágbára sì di àga mú kí wọ́n tó jókòó.

Bí wọ́n bá ti ń rìn, ọwọ́ tó lágbára ni ọ̀pá ń wà. Tí wọ́n bá ń gun àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó lágbára ló ń ṣáájú. Tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ tó rọ ni. Aṣọ wíwọ̀ náà ní tirẹ̀: apá tó rọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọ̀, òun náà ni kẹ́ ẹ bọ́ kẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ohun tí wọ́n bá lè ṣe. Bí bọ́tìnnì kan ṣoṣo bá gbà wọ́n ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ jókòó tì wọ́n, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ yín sábẹ́ itan. Ṣíṣe nǹkan léraléra ni ọpọlọ fi ń kọ́ ohun tó ti sọnù, ó sì ń dunni láti máa wò wọ́n, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń ṣe é fún wọn, ọwọ́ yẹn ò ní kọ́ ọ. Nínú eré ìdárayá, iye tí onífísíò bá sọ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé; ẹ pín in sí ìgbà mélòó kan lóòjọ́, torí ara tó ti rẹ̀ máa ń ṣe é lọ́nà òdì.

Bí wọn ò bá lè yíra padà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ máa yí wọn ní wákàtí méjì méjì, tọ̀sán tòru. Ẹ máa yẹ ìdí, ìbàdí àti gìgísẹ̀ wò lójoojúmọ́. Lára ẹni tó dúdú, pupa lè má hàn, torí náà ẹ fọwọ́ kàn án: ibi tó bá gbóná tàbí tó le ju àyíká rẹ̀ lọ, kí wọ́n má fara tì í mọ́. Ẹ má fọwọ́ ra á.

Oúnjẹ: kí wọ́n jókòó ṣánṣán, òkèlè kékeré, kí wọ́n sì wà ní ìjókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó rọ bóyá oúnjẹ há síbẹ̀. Bí wọ́n bá ń húkọ́ nígbà tí wọ́n ń jẹun, tàbí tí ohùn wọn ń dún bíi pé omi wà lọ́fun, oúnjẹ lè máa gba ọ̀nà èémí lọ. Ẹ dáwọ́ dúró, kẹ́ ẹ pe dókítà.

Bí ẹ̀yìn ojúgun kan ṣoṣo bá wú, tó gbóná, tó ń dùn wọ́n, ẹ má fọwọ́ ra á o. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì níbẹ̀, ọsípítù ló kàn lọ́jọ́ náà. Bí ẹnu bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́, tí ọ̀rọ̀ dàrú, tàbí tí èémí wọn ń gé, ẹ má dúró rárá.

Ẹkún tó ń ṣàdédé wá lè jẹ́ ara àìsàn náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe pé ẹ ṣẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n bí wọn ò bá fẹ́ jẹun, tí wọn ò sùn, tí ohunkóhun ò wù wọ́n ṣe mọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ sọ fún dókítà. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wọ́pọ̀ lẹ́yìn rọpárọsẹ̀, ó sì ní ìtọ́jú tirẹ̀.