Kí ẹ tó ki LSD sí ìdí ọkọ̀ eré àtijọ́ yín

Ẹ̀yin ará, kò sẹ́ni tó bi mí o, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ẹlòmíì má baà jìyà tí mo jẹ. LSD (limited-slip differential) ni difírẹ́ńṣà tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo máa yí lásán, tó ń pín agbára dé ẹsẹ̀ kejì.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ yọ ọ̀pá àṣíìlì, kí ẹ ka eyín orí rẹ̀, torí ó gbọ́dọ̀ bá ti LSD tí ẹ fẹ́ rà mu. Ọkọ̀ kan náà lè ní iye eyín ọ̀tọ̀ láti ọdún dé ọdún.

Ẹ má kàn kó ṣíìmù (irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí a fi ń ṣètò àlàfo) ti tẹ́lẹ̀ padà bó ṣe wà. Ilé tuntun ni LSD yẹn, ó di dandan kí ẹ tún àlàfo tó wà láàárín eyín kíráùn àti píníọ̀n (gíà ńlá àti kékeré inú difírẹ́ńṣà) wọ̀n. Ó sábà máa ń wà láàárín mílímítà 0.1 sí 0.2, àmọ́ ìwé ọkọ̀ yín ni ọ̀gá. Bóòtù kíráùn, tuntun ni kó jẹ́.

Ibi tí mo ti kọsẹ̀ nìyí: LSD oní-clutch (èyí tó ń fi àwọn àwo tó ń fara gbo ara wọn ṣiṣẹ́) ni tèmi, mo sì da ọ́ìlì gíà lásán sí i. Tí mo bá ti yí kọ̀rọ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ á máa ké bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ àpótí lórí sìmẹ́ńtì. Mo fa ọ́ìlì yẹn dànù, mo rọ èyí tó ní èròjà LSD, mo wá rọra fi ọkọ̀ yí bíi nọ́ńbà 8 lórí pápá títí ariwo fi lọ. LSD oní-gíà, tó ń fi gíà ṣiṣẹ́ dípò àwo, kì í sábà nílò èròjà yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan ṣoṣo kí ẹ wá ki gíà. Ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀ máa wa ọkọ̀ náà kúrò lórí jáàkì.