Bí a ṣe ń rọ àáké: fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ àgbẹ̀dẹ ní Ilé-Ifẹ̀

Ìlú tí irin Ògún Ládìn, alágbẹ̀dẹ ayé àtijọ́, ṣì wà láàfin Ọọ̀ni dòní, kò yẹ kí iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ parun níbẹ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀gá tó gbà láti kọ́ yín, ẹ tètè lọ. Ẹ má bẹ̀rù pé apá yín kò lágbára; ojú ni iṣẹ́ yìí ń lò jù. Ẹni tí kò bá mọ àwọ̀ iná, irin ni yóò máa bà jẹ́.

Ẹ wá sìpíríǹgì pẹlẹbẹ abẹ́ ọkọ̀ àjàgbé lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta àlòkù irin, kí ẹ gé e tó sẹ̀ǹtímítà 20. Irin ìkọ́lé rọ̀ jù. Irin tí wọ́n fi síǹkì bò kò gbọdọ̀ dé inú iná rárá: májèlé ni èéfín rẹ̀. Aṣọ òwú ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ sì fi awò bo ojú.

Kí ẹnìkan máa fi ewìrì fínná, kí irin wà láàárín èédú. Á kọ́kọ́ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, á pọ́n fòò, á wá mú àwọ̀ ọsàn tó mọ́lẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ fi ẹ̀mú gbé e sórí owú, irin ńlá tí à ń lu nǹkan lé, kí ẹ sì máa fi ọmọ owú, òòlù alágbẹ̀dẹ, lù ú. Bó bá ti ń ṣú padà, ẹ dá a padà síná. Lílù ú ní tútù ló ń là á. Bó bá ń ta pàràpàrà, ó ti jóná nìyẹn, ẹ gé ibẹ̀ dànù.

Ìrù, ìyẹn apá tó ń wọ inú èèkù, ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ẹ lu ìdajì irin náà ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí yóò fi gùn, tí yóò sì tín-ín-rín dé ṣóńṣó. Ìdajì tó kù ni ẹ ó tẹ́ sọ́tùn-ún sósì fún ẹnu, kó ṣì nípọn tó mìlímítà 2. Ẹ mú un pọ́n nígbà mẹ́ta, kó máa tutù fúnra rẹ̀, kí ẹ tó fi fáìlì tún un ṣe.

Ibi tó ṣòro wá dé. Ẹ mú ẹnu rẹ̀ gbóná títí òòfà kò fi ní fà á mọ́, ní nǹkan bí 770°C, ẹ fi iná kún un díẹ̀, kí ẹ rì í bọ òróró ẹ̀pà tó lọ́wọ́ọ́wọ́. Omi lè sán an. Bí fáìlì bá ń yọ̀ lórí rẹ̀, ó ti le. Àmọ́ ó le jù, igi líle á kán an. Ẹ fọ ẹnu rẹ̀ kó máa dán, kí ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ lé irin ńlá tó gbóná. Ẹ má mójú kúrò: àwọ̀ koríko gbígbẹ á máa rìn bọ̀ wá síwájú, búráùn á tẹ̀ lé e, elése àlùkò ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí búráùn bá ti dé ẹnu, tó fẹ́ máa di elése àlùkò, ẹ rì í bọ omi kíá. Ọ̀bẹ lè dúró ní àwọ̀ koríko. Àáké kò gbọdọ̀.

Fún èèkù, ẹ wá igi líle tó ní kókó lórí. Irin mìíràn tó bá ìrù dọ́gba ni kí ẹ fi jó ihò sínú kókó náà, kí iná má bàa tún kan ẹnu. Ẹ má jẹ́ kí ìrù wọlé tán: bí ẹ bá ṣe ń gégi ni yóò máa há sí i.

Ẹ pọ́n ọn lórí òkúta, kí ẹ dán an wò lára igi gbígbẹ. Bí ẹnu bá ká, kò le tó, ẹ yọ ọ́ nínú èèkù, ẹ tún ẹnu rẹ̀ mú gbóná, ẹ rì í bọ òróró, kí ẹ sì tún wo àwọ̀ rẹ̀ bíi ti àkọ́kọ́. Bó bá kán, ẹ pọ́n ọn kọjá ibi tó kán, kí ẹ sì jẹ́ kí elése àlùkò dé ẹnu.