Bí Mo Ṣe Kọ Ìwé Ìtàn Àròsọ Mi Nídìí Iṣẹ́ Ìròyìn

Ó ti pé ọdún 11 tí mo ti ń ka ìròyìn Yorùbá lórí tẹlifíṣọ̀n n'Íbàdàn. Ẹni tó bá rí mi lálẹ́ pẹ̀lú gèlè àti àtíkè lè rò pé iṣẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni. Láti aago méjì ọ̀sán la ti ń túmọ̀ ìròyìn láti Gẹ̀ẹ́sì, tí mo sì ń fi bíírò pupa fàmì sórí ọ̀rọ̀. Bí mo bá gbàgbé àmì orí "ọkọ̀" pẹ́nrẹ́n, ọkọ kọmíṣánnà á gbókìtì lójú ọ̀nà Ifẹ̀ lẹ́nu mi.

Ìtàn tó wà lọ́kàn mi ni ti Àlàkẹ́, alákàrà kan ní Agodi lọ́dún 1959, nígbà tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo kà pé iléeṣẹ́ ìròyìn tẹlifíṣọ̀n ITN nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Gordon Honeycombe ti ń ka ìròyìn nígbà tí ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1969. Mo ní ṣé òun ló lórí méjì ni? (Àmọ́ kò fàmì ohùn sórí nǹkan kan o.)

Aago márùn-ún ìdájí ni mo ń jí kọ ọ́, ojú ìwé kan lóòjọ́. Bí iná bá lọ, mo tan tọ́ọ̀ṣì. Oṣù mẹ́sàn-án, ó parí.

Mo gbé e fún àbúrò kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kẹrin ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ìgbà wo la máa dé orí ìròyìn eré ìdárayá?"

Inú bí mi. Nígbà tí ara mi balẹ̀, mo ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́: "Alákàrà kan ládùúgbò Agodi ti fi ìdùnnú rẹ̀ hàn sí bí wọ́n ṣe dá iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀." Háà! Èwo ni alákàrà níbẹ̀?

Mo wá ń kà á sókè, mo ń gbà á sílẹ̀ lórí fóònù. Ibikíbi tí mo bá ti lè fi ohùn ìròyìn aago méje kà, bíírò pupa ló kàn. Orí mẹ́ta ló bá a lọ. Lẹ́yìn náà mo lọ ń jókòó ti ìyá alákàrà kan ní Bódìjà, Sátidé mẹ́ta gbáko, mo kàn ń gbọ́ bó ṣe ń dá àwọn oníbàárà lóhùn. Ó dá mi mọ̀, ó sì fún mi lénì méjì.

Ojú ìwé àkọ́kọ́ wá di báyìí:

"Àlàkẹ́ gbé ṣíbí ró lókè epo. 'Ènìyàn nínú àpótí? Ta ní ń fún un lómi mu?'"

Oṣù méjì ni mo tún fi tọ àmì ohùn. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ẹ̀dà 200 dé láti ilé ìtẹ̀wé. Mo ṣí ọ̀kan wò: ní ojú ìwé 42, Àlàkẹ́ wọ ọkọ lọ sí Dùgbẹ̀.