Fọ́tò Ooru Kó Ṣáájú Yìnyín: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹ̀yin Tí Ẹ̀yìn Ń Dùn

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ̀yin ìyá wa tó ń yan gàrí, a ò ní máa kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń fi yìnyín tẹ ẹ̀yìn tó ń ro. Ẹ mọ̀ ọ́n. Kámẹ́rà ooru tí wọ́n ń so mọ́ fóònù lọ̀rọ̀ wa dá lé, torí àṣìṣe kan náà là ń rí ṣáá: wọn á kọ́kọ́ gbé píọ́ wọ́tà dídì lé ẹ̀yìn, wọn á wá ya fọ́tò, wọn á rí i pé ibẹ̀ ti di búlúù, àwọ̀ tí kámẹ́rà fi ń fi ibi tó tutù hàn, wọn á ní àìsàn ti lọ. Irọ́ ni. Yìnyín ni kámẹ́rà ń fi hàn yín. Ooru ojú awọ nìkan ló ń kà. Kò rí egungun, kò sì rí ohun rírọ̀ tó wà láàárín egungun ẹ̀yìn.

Fọ́tò àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ṣáájú yìnyín.

Lọ́jọ́ náà, ẹ má fi Robb, òrí tàbí ìpara kankan pa ẹ̀yìn, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ ra á. Ẹ kúrò nínú oòrùn fún wákàtí 2. Ẹ bọ́ aṣọ, kí ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 nínú yàrá tí ooru rẹ̀ jẹ́ 20°C sí 25°C, kí fáànù má fẹ́ sí ẹ̀yìn. Bí ilé bá ń mú ooru, ìdájí ni kí ẹ ṣe é. Òógùn a máa tan kámẹ́rà. Kí kámẹ́rà jìnnà sí ẹ̀yìn ní mítà 1, ojú kan náà nígbà gbogbo. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sílẹ̀, kí ẹ wá ya fọ́tò àkọ́kọ́.

Ẹ wá fi aṣọ ìnura we yìnyín, kí ẹ gbé e lé ẹ̀yìn fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Kó má kọjá 20 láé. Ẹni tó bá sùn lé e lórí, á jó o lára bí iná. A ti rí i, ó sì dùn wá. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, àti ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ti mú kí ara rẹ̀ kú, kò gbọdọ̀ gbé yìnyín sára rárá.

Bí ẹ bá ti gbé e kúrò, ẹ ya fọ́tò, kí ẹ tún yà á ní ìṣẹ́jú 5, 10, 20 àti 30. Bí ara ṣe ń padà gbóná ni kí ẹ wò, ọ̀tún pẹ̀lú òsì. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá fi 1°C gbóná ju èkejì lọ nínú fọ́tò àkọ́kọ́, tó sì tún rí bẹ́ẹ̀ ní ìṣẹ́jú 30, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ mú un tọ dókítà lọ. Òun ló máa sọ bóyá X-ray tàbí MRI, àwọn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, ló kàn. Fọ́tò yìí kì í sọ orúkọ àìsàn.

Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá ń rọ, tàbí tí ìdí kú, tàbí tí ìtọ̀ kọ̀ tí kò jáde tàbí tó ń dà fúnra rẹ̀, ẹ gbé kámẹ́rà sílẹ̀, ó di ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tí ẹ̀yìn ń ro, tí ibà ò fi sílẹ̀, tó ń rù, tó ń làágùn lóru, ẹ ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, torí ó máa ń jẹ egungun ẹ̀yìn.