Bí ìwé idán mi ṣe wá ń tà n'Íbàdàn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ tẹ ìwé idán fúnra yín, ẹ gbọ́ èyí o. Ìwé tí wọ́n bá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ kì í fẹ́ ṣí sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń kọ́ idán ti fi ọwọ́ méjèèjì di káàdì mú, ibi tó ti ń wo bí ìka ṣe máa wà, ìwé á pa dé. Àwọn oníbàárà ráhùn gan-an. Mo lọ bá àwọn tó ń tẹ̀wé ní Mọ́kọ́lá, a sọ ọ́ di oníwáyà, ìyẹn èyí tí wọ́n fi wáyà so ewé ẹ̀ pọ̀ lẹ́yìn dípò gọ́ọ̀mù, ó ń tẹ́ pẹrẹsẹ lórí tábìlì báyìí, owó ẹ̀ ga díẹ̀ ṣùgbọ́n ó tó bẹ́ẹ̀. Mo tún gbogbo fọ́tò yà láti ẹ̀yìn èjìká ẹni tó ń pidán, kí ọwọ́ òsì inú ìwé lè bọ́ sápá òsì ẹni tó ń kà á, ìyẹn gan-an ló jẹ́ káwọn ọmọdé máa dá a kọ́.

Ti ọjà ńkọ́? Àwọn ìyá kan ń bẹ̀rù pé oògùn ni. Mo wá ń gbé fídíò kékeré sórí WhatsApp, owó ẹyọ á pòórá lọ́wọ́ mi, àṣírí ẹ̀ dinú ìwé, àmọ́ mo tú àṣírí idán kan ṣoṣo síta kí wọ́n lè rí i pé ọwọ́ yíyá lásán ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó dé ilé ìtàwé, ẹ gba ISBN, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé kọ̀ọ̀kan mọ̀, ní National Library kẹ́ ẹ tó tẹ èèpo ẹ̀yìn tí nọ́ńbà náà máa wà o.